Ọjọ́ orí akọ òkúta Òmù-Àrán àti ti ère Ẹ̀sìẹ́: ìdáhùn fún olùkọ́ kan

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ṣẹ́kọ́ńdìrì ní Òmù-Àrán. Ìwé tí a ń lò sọ pé akọ òkúta agbègbè wa ti tó ọdún mílíọ̀nù 600. A tún kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹ̀sìẹ́, wọ́n ní àwọn ère òkúta ibẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọdún 1100. Ọmọ kan wá bi mí pé: òkúta nìyí, òkúta nìyẹn, kí ló dé tí ọjọ́ orí wọn fi jìnnà síra tó báyìí, ta ló sì wà níbẹ̀ tó ń kà á? Ṣé ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n? Bí àwa náà bá fẹ́ gbé òkúta ẹ̀yìn ilé-ìwé wa lọ fún àyẹ̀wò, báwo la ṣe máa ṣe é?"

Mà, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Ìbéèrè tó bi yín ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń bi ara wọn kí wọ́n tó gbé ohunkóhun sínú ẹ̀rọ.

Kì í ṣe ẹ̀rọ kan náà, kì í sì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n wọ̀n. Ọdún mílíọ̀nù 600 ni ìgbà tí akọ òkúta dì, tó kúrò ní yíyọ́ tó di líle nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọdún 1100 kì í ṣe ọjọ́ orí òkúta rárá. Ìgbà tí amọ̀ kan rí iná kẹ́yìn ni. Láàárín àwọn ère òkúta ọṣẹ ti Ẹ̀sìẹ́, tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n rí àwọn iṣẹ́ amọ̀ sísun. Amọ̀ yẹn ni wọ́n wọ̀n. Òkúta ọṣẹ tí wọ́n fi gbẹ́ ère ti wà nínú ilẹ̀ fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún kí oníṣọ̀nà kankan tó gbé irin lé e, kò sì sí átọ́ọ̀mù kankan nínú rẹ̀ tó mọ ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Átọ́ọ̀mù kì í ka ọjọ́ orí nǹkan. Ohun tó ń kà ni àkókò tó ti kọjá láti ìgbà tí ohun kan pàtó ti ṣẹlẹ̀: òkúta dì, òkúta tutù, amọ̀ jóná, igi kú. Ẹni tó bá ń wá ọjọ́ orí ní láti kọ́kọ́ sọ èwo nínú ìwọ̀nyí ló ń bèèrè, kó tó yan átọ́ọ̀mù tó lè dá a lóhùn.

Ẹ ti kọ́ wọn ní átọ́ọ̀mù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù ló ní prótọ́ọ̀nù 92. Èyí tí nútírọ́ọ̀nù rẹ̀ bá jẹ́ 146 ni yùréníọ̀mù 238. Èyí tí tirẹ̀ bá jẹ́ 143 ni yùréníọ̀mù 235. Áísótóòpù là ń pe irú wọn: ìwà wọn bára mu, ìwúwo wọn ló yàtọ̀. Àwọn áísótóòpù kan dúró gbọin. Àwọn mìíràn kì í dúró, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yí padà di nǹkan mìíràn. Yùréníọ̀mù 238 ń di òjé 206, ọdún bílíọ̀nù 4.468 sì ni ìdajì rẹ̀ fi ń tán. Yùréníọ̀mù 235 ń di òjé 207, òun yára ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ: ọdún mílíọ̀nù 704 ni ìdajì tirẹ̀ fi ń tán.

Ta ló wà níbẹ̀? Kò sí ẹnì kankan, kò sì pọn dandan. Gíráàmù kan yùréníọ̀mù 238 ń tú átọ́ọ̀mù bí 12,400 ká ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ lè kà á lórí tábìlì. Bí a bá mọ iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú gíráàmù náà, tí a sì mọ iye tó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, ìṣirò ló kù. Iye tí àwọn ilé àyẹ̀wò káàkiri ayé ń lò wá láti inú ìwọ̀n tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1971. Ooru inú ilẹ̀, omi, ẹrù òkè tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sí èyí tó ń mú kí yùréníọ̀mù yára sí i tàbí kó falẹ̀.

Hóró zircon

Nínú akọ òkúta, zircon la máa ń wá. Hóró kékeré ni, gígùn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 0.05 sí 0.2 mìlímítà, ó sì le ju irin lọ. Nígbà tí òkúta yíyọ́ bá ń dì, zircon máa ń gba yùréníọ̀mù díẹ̀ mọ́ra nítorí pé ó bá àyè inú rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n kì í fẹ́ òjé, òjé tóbi jù fún àyè yẹn. Ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ó dà bíi kóló tí káfíńtà kàn pa lọ́jọ́ tí kò tíì sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀: òjé tí a bá bá nínú rẹ̀ lónìí, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti bí i.

Ẹ lè ṣe ìṣirò rẹ̀ ní kíláàsì. Ká ní ẹ̀rọ sọ pé nínú hóró kan, fún yùréníọ̀mù 238 kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́ kù, òjé 206 tó wà níbẹ̀ jẹ́ 0.0975. Kí àwọn ọmọ ṣí kakulétọ̀ orí fóònù, kí wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ kí bọ́tìnì "ln" lè yọjú. Wọn á fi 1 kún 0.0975, ó di 1.0975. Wọn á tẹ ln, ó di 0.0930. Wọn á fi 0.155125 pín in, ìyẹn ni ìyára yùréníọ̀mù 238 láàárín ọdún bílíọ̀nù kan. Ohun tó máa jáde ni 0.600, ọdún mílíọ̀nù 600 nìyẹn. Nínú hóró kan náà, òjé 207 sí yùréníọ̀mù 235 yóò jẹ́ 0.8056, ìyára tirẹ̀ sì jẹ́ 0.98485. 1 kún un, ln, pín in: 0.600 ló tún máa jáde. Aago méjì nínú hóró kan, ìyára wọn kò dọ́gba, ìdáhùn wọn sì bára mu. Mi ò mọ ohun tó tún lè dá ọkàn ọmọ tó bèèrè pé "ta ló wà níbẹ̀" balẹ̀ ju èyí lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká ba nǹkan jẹ́ díẹ̀. Ìtúká yùréníọ̀mù máa ń fọ́ ètò inú zircon fúnra rẹ̀. Bí yùréníọ̀mù bá pọ̀ jù nínú hóró kan, inú hóró náà á fọ́ yánnayànna, omi ilẹ̀ á sì ráyè fa òjé jáde. Kóló ti sán nìyẹn. Ká ní 30 nínú 100 òjé ló bá omi lọ láìpẹ́ yìí. Aago yùréníọ̀mù 238 á ka ọdún mílíọ̀nù 426, ti yùréníọ̀mù 235 á ka 454. Wọn kò bára mu mọ́, a ti mọ̀ pé nǹkan ti jò. Ṣùgbọ́n omi kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín òjé 206 àti 207, bó ṣe ń kó ọ̀kan ló ń kó èkejì. Nítorí náà, bí a bá fi òjé 207 wé 206, 0.0599 ló ṣì máa jẹ́, iye yẹn sì ṣì ń sọ pé 600. Lọ́dún 1956 ni George Wetherill ya àwòrán tí a fi ń wo aago méjèèjì pa pọ̀, tí hóró tó jò fi máa ń ya kúrò lójú ìlà gedegbe. A ṣì ń lò ó títí dòní.

Wàhálà kejì ló ń mú àwọn tí kò fara balẹ̀, torí pé nínú rẹ̀ aago méjèèjì lè bára mu kí ìdáhùn sì tún ṣì. Zircon kì í tètè yọ́. Lábẹ́ agbègbè wa, àwọn òkúta ìpìlẹ̀ kan wà tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún bílíọ̀nù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ooru ńlá dé ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 600 sẹ́yìn, tí irú wọn yọ́ tí wọ́n di akọ òkúta tuntun, zircon àtijọ́ kan la ooru yẹn já, zircon tuntun sì yí i po. Kókó àtijọ́ wà nínú, awọ tuntun wà lóde. Bí iná léésà, èyí tí a fi ń gbẹ́ díẹ̀ lára hóró fún ìwọ̀n, bá bọ́ sórí kókó yẹn nìkan, aago méjèèjì á fẹnu kò sí bílíọ̀nù 2, ẹnìkan á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ orí akọ òkúta nìyẹn. Irọ́ ni. Bó bá bọ́ sí ìdajì kókó àti ìdajì awọ, iye tó máa jáde kì í ṣe ọjọ́ orí ohunkóhun. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ya fọ́tò inú hóró kọ̀ọ̀kan kí a tó yìnbọn léésà sí i. Ẹ̀rọ tó ń ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lu hóró náà títí á fi tàn, gbogbo òrùka inú rẹ̀ á sì hàn.

Hóró yẹn kan náà tún lè sọ ibi tí òkúta yíyọ́ ti wá. Ọ́síjìn ní áísótóòpù tí kì í túká, 16 àti 18. Bí a bá fi ọ́síjìn 18 inú zircon wé ti omi òkun, zircon tó ti inú ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún wá tààrà máa ń fi nǹkan bí 5.3 nínú ẹgbẹ̀rún ju omi òkun lọ. Bó bá ju 6 lọ dáadáa, ó túmọ̀ sí pé amọ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ tó ti wà lójú ilẹ̀ rí, tí òjò ti fọ̀ rí, ló tún rì padà tó sì yọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ orí nìkan kò lè sọ èyí fún wa.

Ẹ tún lè ṣí ìwé mìíràn kí ẹ bá iye tó kéré sí 600 fún akọ òkúta kan náà. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà. Ẹni tó kọ ọ́ lè jẹ́ pé máíkà dúdú ló wọ̀n, èyí tó ń dán tí a lè fi èékánná ṣí ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Apá kan nínú pòtásíọ̀mù 40 inú máíkà ń di ágọ́ọ̀nù 40, ìdajì pòtásíọ̀mù náà sì ń tán ní ọdún bílíọ̀nù 1.25. Afẹ́fẹ́ ni ágọ́ọ̀nù. Níwọ̀n ìgbà tí òkúta bá ṣì gbóná ju nǹkan bí 300°C lọ, ágọ́ọ̀nù ń sá jáde nínú máíkà dúdú, aago kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Zircon ní tirẹ̀ ti dé ara rẹ̀ pa láti ìgbà tí ooru ṣì ju 700°C lọ. Nítorí náà zircon ń sọ ìgbà tí òkúta dì, máíkà ń sọ ìgbà tó tutù dé 300°C, àárín méjèèjì sì lè tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, pàápàá níbi tí òkè ńlá wà lórí rẹ̀ tí òjò ní láti gbá lọ díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé òkúta lọ

Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ kúárì ni, lọ́wọ́ máníjà. Kúárì tàbí ibi tí wọ́n ti gé òkè nítorí ọ̀nà ló dára jù. Ẹ fi òòlù kan òkúta náà: èyí tó yè kooro máa ń dún gbangan, èyí tó ti rà máa ń dún gbọ̀ọ̀, á sì rún wómúwómú. Bí pupa bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ lọ síwájú. Lóòótọ́ zircon máa ń la òjò àti oòrùn já, kódà nínú òkúta tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n máíkà inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ lọ́jọ́ náà bóyá ẹ máa padà nílò rẹ̀.

Kílò 5 tó fún akọ òkúta lásán. Èyí tó funfun jù, tí máíkà dúdú rẹ̀ kò pọ̀, zircon rẹ̀ kì í sábà pọ̀, ẹ mú kílò 10. Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti mú un. Ẹ má kó ìlà òkúta funfun tó la àárín rẹ̀ kọjá, ẹ má sì kó òkúta dúdú tó há sínú rẹ̀, nítorí ọjọ́ orí tiwọn lè yàtọ̀.

Kí ọmọ kan máa kọ̀wé bí àwọn yòókù ṣe ń fọ́ òkúta: ọjọ́, ibi tí fóònù sọ pé ẹ wà lórí máàpù dé nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn àmì ẹ̀sún, bí hóró òkúta ṣe tóbi tó, àti èwo ló gé èwo kọjá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù. Ìlà òkúta tó gé akọ òkúta kọjá gbọ́dọ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí, torí ohun tí kò sí, kò ṣeé gé. Bí iye tí ilé àyẹ̀wò fún yín bá yí èyí po, ilé àyẹ̀wò ló ṣì, kì í ṣe òkè. Ẹ ya fọ́tò, kí bírò tàbí rúlà wà nínú rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Láílọ́ọ̀nù tuntun tó nípọn ni kí ẹ kó o sí. Ẹ má lo àpò sìmẹ́ńtì tàbí àpò tí wọ́n ti kó yanrìn sí rí, ẹ gbọ̀n ọ́n títí bí ẹ bá fẹ́. Yanrìn ìkọ́lé ní zircon nínú, hóró kan ṣoṣo tó bá sì lẹ̀ mọ́ àpò lè di ọjọ́ orí tí ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣàlàyé. Ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà sára láílọ́ọ̀nù náà, kí ẹ tún kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ sì dì í sínú láílọ́ọ̀nù kékeré kí òkúta má baà gé e. Ẹ má fọ́ òkúta náà ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò tàbí tí wọ́n ti ń yọ́ òjé. Clair Patterson, ẹni tó fi òjé inú òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run wọn ọjọ́ orí ayé ní ọdún bílíọ̀nù 4.55 lọ́dún 1956, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí lílé òjé inú eruku kúrò nínú ilé àyẹ̀wò rẹ̀ kí iye rẹ̀ tó dúró. Láti ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé òjé inú epo pẹtiróòlù ti kún inú afẹ́fẹ́ gbogbo ayé, ó sì bá a jà títí.

Ẹ̀ka ìmọ̀ òkúta ní Yunifásítì Ìlọrin ni mo máa kọ́kọ́ kàn sí bó bá jẹ́ èmi ni yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé pẹlẹbẹ òkúta náà, kí wọ́n lọ̀ ọ́ títí á fi nípọn tó 0.03 mìlímítà, kí wọ́n sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá zircon wà, àti bóyá akọ òkúta ni lóòótọ́. Àpẹẹrẹ púpọ̀ láti Nàìjíríà ló ṣì ń lọ sí òkèèrè fún ìwọ̀n léésà, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà, torí náà ó dára kí ẹ mọ ohun tó wà nínú òkúta kí ẹ tó náwó.

Ohun tí wọ́n máa ṣe síwájú rèé. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ títí á fi wẹ́ tó ìdá mẹ́rin mìlímítà. Ibí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù, nítorí òkúta ẹlòmíràn tí wọ́n lọ̀ lánàá ṣì lè wà ní eyín ẹ̀rọ. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Wọ́n á wá fi omi fọ ìyẹ̀fun náà bí àwọn tó ń wa góòlù ṣe ń fọ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì fa irin inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì dà á sínú omi wíwúwo kan tí mìlílítà kan rẹ̀ wọn gíráàmù 3.3. Kúọ́ọ̀tìsì jẹ́ 2.65, á léfòó. Zircon jẹ́ nǹkan bí 4.6, á rì. Omi yẹn ní májèlé, iṣẹ́ ilé-ìwé kọ́. Lẹ́yìn náà ẹnìkan á jókòó ti maikirosíkóòpù, á máa fi abẹ́rẹ́ ṣà á ní hóró kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dà wọ́n mọ́ inú epoxy, irú gọ́ọ̀mù kan tó máa ń gan, wọ́n á lọ ojú rẹ̀ títí inú hóró á fi hàn, wọ́n á ya fọ́tò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí léésà tó lu ihò tó fẹ̀ tó 0.03 mìlímítà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá gbọ̀n jáde ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní mass spectrometer máa yà sọ́tọ̀, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo ìwúwo.

Ihò 20 sí 30 tó fún akọ òkúta kan. Láàárín wọn, lẹ́yìn ihò márùn-ún sí mẹ́wàá, wọ́n gbọ́dọ̀ lu zircon kan tí gbogbo ayé ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 91500, tó wá láti Kánádà, wọ́pọ̀. Ọdún mílíọ̀nù 1,065 ni. Bí ẹ̀rọ kò bá ka 1,065 fún un, kò sí ìdí láti gba ohun tó kà fún tiyín. Ẹ má gba nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè fún tábìlì gbogbo ihò, fọ́tò àwọn hóró, àti ohun tí wọ́n rí lórí 91500. Ìwọ̀n léésà sábà máa ń ní àlàfo ìdá 1 sí 2 nínú 100, nítorí náà "600, fi 6 sí 12 kún un tàbí yọ ọ́" ni ìdáhùn òótọ́. Ẹni tó bá fún yín ní 603.2 láìsí àlàfo lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe fújà ni.

Amọ̀ àti èédú

Kábọ́ọ̀nù 14 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n sì máa ń rò pé ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Kò lè ṣe é. Ọdún 5,730 péré ni ìdajì rẹ̀ fi ń tán, nígbà tó bá sì fi máa tó ọdún 50,000, ohun tó ṣẹ́ kù kò ṣeé kà dáadáa mọ́. Láfikún, ohun tó wà láàyè rí nìkan ló wà fún: igi, eegun, aṣọ, ọkà. Inú afẹ́fẹ́ ni igi ti ń gbà á, bí igi bá sì kú, gbígbà ti parí, kíkà bẹ̀rẹ̀. Òkúta ọṣẹ Ẹ̀sìẹ́ kò wà láàyè rí.

Ohun tí wọ́n ṣe fún amọ̀ yàtọ̀. Yùréníọ̀mù, tóríọ̀mù àti pòtásíọ̀mù inú amọ̀ àti inú ilẹ̀ tó yí i ká ń ta ìtànṣán sí àwọn hóró kúọ́ọ̀tìsì, agbára rẹ̀ sì ń kóra jọ sínú wọn. Bí iná bá gbóná dé nǹkan bí 500°C, gbogbo rẹ̀ á tú jáde, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní ilé àyẹ̀wò wọ́n á tún un sun, wọ́n á wọn ìmọ́lẹ̀ tó jáde, wọ́n á sì ṣírò iye ọdún. Ẹni tó hú amọ̀ náà gbọ́dọ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ tó yí i ká pẹ̀lú, torí pé apá kan pàtàkì nínú ìtànṣán náà inú ilẹ̀ ló ti wá. Amọ̀ tí wọ́n gbé wá láìsí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, àbọ̀ ìdáhùn ló máa fún wa. Àlàfo ìdá 5 sí 10 nínú 100 wọ́pọ̀ nínú ọ̀nà yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "nǹkan bí" fi gbọ́dọ̀ wà níwájú 1100. Pé àwọn ère òkúta bá amọ̀ náà dọ́gba lọ́jọ́ orí, àwọn tó ń hú ilẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n jọ wà ní ibì kan náà. Ẹ̀rọ kọ́ ló sọ ọ́.

Bí ẹ bá rí ààtàn àwọn tó ń yọ́ irin láyé àtijọ́, tí èédú wà nínú ìdàrọ́ irin, kábọ́ọ̀nù 14 wúlò níbẹ̀. Gíráàmù kan tó, ó ju ohun tí wọ́n máa lò lọ. Ẹ fi irin mímọ́ mú un, ẹ má fi ọwọ́ mú un, kí ẹ sì fi bébà fóìlì wé e, kì í ṣe òwú tàbí ìwé. Gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀ á sọ ọ́ di ọmọdé, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Bí èédú bá jẹ́ ti inú igi ńlá, ìrókò tàbí ayìn tó dàgbà, á mú ọjọ́ orí ga ju bó ṣe yẹ lọ, torí àárín igi ti dákẹ́ gbígba kábọ́ọ̀nù láti ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gé e. Èèpo èkùrọ́ tó jóná ló dára jù, ọdún kan péré ló fi dàgbà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń já àwọn ará Ìlọrin kulẹ̀ nìyí. Kábọ́ọ̀nù 14 inú afẹ́fẹ́ kò dúró lójú kan. Láàárín 1650 sí 1950 ó lọ sókè sódò débi pé ìwọ̀n kan ṣoṣo lè bá sáà mẹ́ta tàbí mẹ́rin mu nínú ọ̀ọ́dúnrún ọdún yẹn. Èédú ìgbà ayé Àfọ̀njá bọ́ sí àárín rẹ̀ gan-an. Fún sáà yẹn, ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ìwé àwọn àlùfáà sàn ju ẹ̀rọ lọ, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ náwó sí i.

Àwọn ọmọ yín tún lè béèrè nípa òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ní Ìlọrin láyé àtijọ́: ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nǹkan lórí rẹ̀? Zircon kò lè sọ ọ́. Bẹ̀rílíọ̀mù 10, tí ìtànṣán láti ojú ọ̀run máa ń dá sínú kúọ́ọ̀tìsì tó bá wà lójú òkúta, ló sún mọ́ ọn jù, ó sì wúlò fún wíwọn bí òkè ṣe pẹ́ tó ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìtànṣán yẹn ń wọlé jinlẹ̀ dé nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà kó tó rẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ojú ọ̀bẹ tó gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì mẹ́ta kúrò kò yí nǹkan kan padà tí ẹ̀rọ lè rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá gé lára òkúta yẹn tàbí lára ère Ẹ̀sìẹ́ nítorí àyẹ̀wò. Àwọn ère náà wà lábẹ́ àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ti Ẹ̀sìẹ́ sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, láti 1945.

Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láìná kọ́bọ̀ ni yanrìn odò. Kí àwọn ọmọ bu yanrìn kílò 5 níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, lẹ́yìn òkúta ńlá, torí ibẹ̀ ni ohun wíwúwo máa ń rọ̀ sí. Kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n máa yí i pẹ̀lú omi nínú abọ́ tó fẹjú, kí wọ́n máa da òkè rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀, títí yanrìn dúdú tó kún ṣíbí kan á fi kù nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá yára jù, zircon á bá omi lọ. Kí wọ́n gbẹ ẹ́, kí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù bo mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà àtijọ́, kí wọ́n gbé e káàkiri orí rẹ̀. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Nínú ìyókù, lábẹ́ dígí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, zircon ni àwọn hóró wínníwínní tó mọ́ gaara tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí orí wọn ṣóńṣó lọ́tùn-ún lósì. Ẹ sọ fún wọn pé zircon inú yanrìn kò ní í sọ ọjọ́ orí odò. Ọjọ́ orí gbogbo òkúta tí odò ti gbá kọjá ló máa sọ, bí ó ti rí náà pẹ̀lú òkúta yanrìn ọ̀nà Pàtígì, tó jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ dàgbà jìnnà ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, hóró 30 kò tó, wọ́n máa ń wọn 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìdílé òkúta kankan má baà sá pamọ́. Ẹ da yanrìn dúdú náà sínú ìgò oògùn tó mọ́, kí ẹ kọ orúkọ odò, ibi tí ẹ ti bù ú àti ọjọ́ náà sí i lára. Kì í bàjẹ́. Bí ilé àyẹ̀wò kan bá gbà á lọ́wọ́ yín lọ́dún márùn-ún sí i, á ṣì wúlò bíi ti òní.